Òòyì Tí Kò Lọ Mọ́: Bẹ́ẹ Ṣe Lè Mọ̀ Pé Ọpọlọ Ló Ń Ké "Olè!" Níbi Tí Kò Sí Olè

Ẹ jókòó sí ẹnu ọ̀nà kẹ́mísì èyíkéyìí ní Mọníyà, Ìyànà Ọ̀fà, Ẹgbẹ́dá tàbí Akanran láàárọ̀ ọjọ́ ọjà, ẹ ò ní pẹ́ gbọ́ ọ: "Ẹ bá mi wá oògùn òòyì." Ẹnì kan á ní ilẹ̀ ń mì lábẹ́ òun bí ìgbà téèyàn dúró sínú ọkọ̀ ojú omi. Ẹlòmíì á ní orí òun fúyẹ́ bí ìyẹ́. Ẹlòmíì á ní òun ń ṣe bí ẹni tó mu ẹmu, bẹ́ẹ̀ omi lásán lòun mu. Ẹni tó ń ta oògùn á di oògùn ibà, oògùn ẹ̀jẹ̀ àti fítámì sínú ọ̀rá, ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Fún ọ̀pọ̀ èèyàn, ọ̀rọ̀ máa ń parí síbẹ̀, torí ibà tàbí ebi ló fa òòyì ọ̀hún lóòótọ́. Àwọn tí tiwọn ò parí síbẹ̀ ni mò ń tìtorí wọn kọ̀wé lónìí: àwọn tó ti tọ́jú ibà àti táífọ́ọ̀dù léraléra, tí wọ́n ti fa omi sí lára, tí wọ́n ti yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, tí wọ́n ti wo BP, tí gbogbo èsì sì ń sọ pé kò sí nǹkan kan. Oṣù mẹ́ta kọjá, ó di mẹ́fà, òòyì ò lọ. Ẹ̀yin ọmọ tẹ́ẹ wà nígboro lẹ̀ ń fi owó dríìpù tuntun ránṣẹ́ sílé. Tàbí kẹ̀, ẹ̀yin gan-an ló ń ṣe, tẹ́ẹ sì ń pa á mọ́ra lẹ́nu iṣẹ́.

Èsì pé "kò sí nǹkan kan" yìí ló ń dá wàhálà sílẹ̀. Ẹni tí òòyì ń kọ́ mọ̀ pé nǹkan kan wà. Bí dókítà bá ní kò sí, ohun méjì ló kù tí yóò máa rò: bóyá wọ́n rò pé irọ́ lòun ń pa, tàbí bóyá ayé ló na ọwọ́ sí òun. Ṣùgbọ́n ìdáhùn kẹta wà. Òòyì kan wà tó jẹ́ òótọ́ pọ́ńbélé, tí kì í ṣe ti ibà, tí kì í ṣe ti ayé, tó jẹ́ pé agogo ìdágìrì inú ọpọlọ ló ń dún láìdákẹ́. Ó ní àmì tá a fi ń dá a mọ̀, ó sì ní ìtọ́jú.

Ẹlẹ́rìí mẹ́ta, adájọ́ kan

Kéèyàn tó lè dúró láìṣubú, ẹlẹ́rìí mẹ́ta ló ń jẹ́rìí fún ọpọlọ nígbà gbogbo. Àkọ́kọ́ ni inú etí lọ́hùn-ún. Ihò róbótó mẹ́ta tó kún fún omi wà níbẹ̀, bí orí bá yí, omi yẹn náà á sún, etí á sì sọ fún ọpọlọ pé, "A ti yí sọ́tùn-ún o." Ìkejì ni ojú, tó ń wò bóyá ògiri àti igi dúró sójú kan. Ìkẹta ni ẹsẹ̀, ọrùn àti àwọn iṣan ara, tí wọ́n ń sọ bóyá ilẹ̀ le tàbí ó rọ̀. Ọpọlọ ni adájọ́. Tí ẹ̀rí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ti bára mu, a ò tiẹ̀ ní mọ̀ pé ẹjọ́ kankan ń lọ.

Bí ẹ̀rí bá takora, òòyì dé nìyẹn. Ẹ rántí ìgbà tẹ́ẹ jókòó sínú Micra nínú sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ ní Ìwó Road, tí ọkọ̀ ẹ̀gbẹ́ yín wá rọra sún síwájú. Àyà yín já, ẹ rò pé ọkọ̀ tiyín ló ń yí sẹ́yìn. Ojú sọ pé a ti ń lọ, etí àti ara tó wà lórí àga ní a ò kúrò níbì kan. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, adájọ́ ti dá ẹjọ́, ara sì balẹ̀.

Nígbà tí ọdẹ kò sùn mọ́

Ká ní olè ja abúlé kan nítòsí Lálúpọn lóru. Ará abúlé á gba ọdẹ tí yóò máa ṣọ́ wọn. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, kò sẹ́ni tó máa bínú bí ọdẹ bá ń tan tọ́ọ̀ṣì sójú gbogbo ẹni tó ń kọjá. Ṣùgbọ́n bí oṣù mẹ́ta bá kọjá tí olè ò padà wá, tí ọdẹ ṣì ń fọn fèrè nítorí ewúrẹ́, nítorí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, nítorí ìyá arúgbó tó jáde lọ tọ̀, ọdẹ fúnra rẹ̀ ti di ìṣòro abúlé. Kò ya wèrè o. Iṣẹ́ tí wọ́n gbà á fún ló ń ṣe. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé ewu ti kọjá ni.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ lọ̀rọ̀ rí nínú ọpọlọ. Nǹkan gidi ló sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀: àrùn etí tó mú gbogbo ilé máa yípo lójú èèyàn, àìsàn líle, ìjàǹbá ọ̀kadà tó kan orí, dídákú lójà, tàbí ìpayà ńlá lẹ́yìn ọ̀fọ̀ tàbí lẹ́yìn táwọn ajínigbé ṣọṣẹ́ ládùúgbò. Lọ́jọ́ yẹn, ó tọ́ kí ọpọlọ ké sí ọdẹ. Á mú iṣan ọrùn àti ti ẹsẹ̀ le gbagidi kéèyàn má baà ṣubú. Á gba ojú gbọ́ ju etí lọ. Á wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ gbogbo ìṣísẹ̀ tí kì í ṣọ́ tẹ́lẹ̀.

Fún ọ̀pọ̀ èèyàn, láàárín ọjọ́ díẹ̀ sí ọ̀sẹ̀ díẹ̀, àìsàn lọ, ọdẹ lọ sùn. Fún àwọn kan, àìsàn lọ, ọdẹ ò lọ. Gbogbo wa la máa ń mì díẹ̀ tá a bá dúró, a kì í kàn í mọ̀ ni. Lójú ọdẹ tí kò sùn, mímì kékeré yẹn ti di ìṣubú. Ẹ̀rù á bà á, ẹ̀rù á mú iṣan le sí i, iṣan tó le kò ní jẹ́ kí ìrìn já gaara, ẹ̀rù á tún pọ̀ sí i.

Èémí náà ń dá kún un. Ẹni tí àyà ń já máa ń mí kíákíá láìmọ̀. Mímí bẹ́ẹ̀ ń kó afẹ́fẹ́ carbon dioxide jáde lára ju bó ṣe yẹ lọ, iṣan ẹ̀jẹ̀ inú ọpọlọ á sún kì, orí á fúyẹ́, ètè àti ìka ọwọ́ á máa ṣe bí ibi tí èèrà ń rìn. Ẹni náà á rò pé ikú ti dé, àyà á tún já sí i.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun

Ní 1986, dókítà méjì ní Jámánì, Thomas Brandt àti Marianne Dieterich, ṣàpèjúwe irú òòyì yìí: àwọn tó ń ṣe bíi pé wọ́n fẹ́ ṣubú, tẹ́rù sì ń bà wọ́n, àmọ́ tí àyẹ̀wò ò rí àbùkù kankan tó lè fà á. Ní 2017, Bárány Society, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ òòyì lágbàáyé tí wọ́n fi orúkọ Robert Bárány sọ, ẹni tó gba ẹ̀bùn Nobel ti ọdún 1914, gbé ìlànà tí dókítà á fi máa dá a mọ̀ jáde. Wọ́n pè é ní persistent postural-perceptual dizziness. PPPD ni wọ́n gé e kúrú sí. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, náà ti kọ ọ́ sínú ìwé àkójọ àrùn wọn, ICD-11, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2022. Ẹ kíyè sí i: abẹ́ àrùn etí ni wọ́n kọ ọ́ sí, kì í ṣe abẹ́ àìsàn ọpọlọ.

Nílẹ̀ wa náà, a ti ń gbọ́ ohùn tó jọ ọ́ tipẹ́. Ní 1960, Raymond Prince, dókítà ará Kánádà tó ti ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Arò, l'Ábẹ́òkúta, kọ̀wé nípa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà tí orí ń dà láàmú, tí ojú wọn kò ríran dáadáa mọ́ lórí ìwé, tí ohun tí wọ́n kà kò wọlé. "Brain fag" làwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè é. Ní 1987, Ọ̀jọ̀gbọ́n Roger Makanjuola, dókítà àìsàn ọpọlọ ní Ilé-Ifẹ̀, tẹ ìwádìí jáde nípa ohun tí àwọn aláìsàn Yorùbá fúnra wọn ń pè ní "ọdẹ orí." Wọ́n ní nǹkan ń rìn nínú orí àwọn, etí ń hó, àyà ń já. Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn àti àníyàn ló sì ń bá ọ̀pọ̀ nínú wọn fínra.

Ọdẹ orí àti brain fag kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú PPPD o. Ohun tí wọ́n kọ́ wa ni pé láàárín tiwa, ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ kì í sábà dé ọ̀dọ̀ dókítà kó sọ pé "ọkàn mi ò balẹ̀." Orí, àyà àti òòyì ló máa ń dárúkọ. Dókítà tí kò bá béèrè jinlẹ̀, ibà náà lá máa tọ́jú lọ.

Bẹ́ẹ ṣe máa dá a mọ̀

Ẹ má rò pé òòyì tí àyẹ̀wò ò rí ìdí ẹ̀ ti di ti ìdágìrì nìyẹn. Ó ní ìrísí tirẹ̀, ìrísí yẹn lẹ máa wò.

Àkọ́kọ́, ó ti tó oṣù mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀pọ̀ ọjọ́ ló sì máa ń wà fún wákàtí púpọ̀, bó tilẹ̀ ń le tó ń rọ̀.

Ìkejì, kì í sábà yípo. Ńṣe ló ń mì, tó ń fì, tí orí ń fúyẹ́, tí ẹsẹ̀ ń ṣe bí ẹni tó tẹ tìmùtìmù. Èèyàn á máa rò pé òun fẹ́ ṣubú, àmọ́ kì í sábà ṣubú.

Ìkẹta, dídúró àti rírìn ló ń mú un le. Tó bá jókòó, ó máa ń dín kù. Tó bá dùbúlẹ̀, ó lè lọ pátápátá.

Ìkẹrin, ibi tí nǹkan ti ń lọ tó ń bọ̀ lójú kì í bá a lára mu: inú èrò ní ọjà Bódìjà, ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà márosẹ̀ tí ọkọ̀ ń sáré kọjá, àárín pẹpẹ ọjà nínú súpámákẹ́ẹ̀tì, tàbí fífi ìka yí fóònù sókè sódò.

Ìkarùn-ún, tí ọkàn bá kúrò lọ́dọ̀ ẹ̀, ó máa ń dákẹ́. Ìyá tó ní òun ò lè dé ẹnu géètì wá jó lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ ọmọ-ọmọ rẹ̀, òòyì ò sì yọ ojú títí wọ́n fi palẹ̀ agbada mọ́. Àwọn ará ilé á ní, "Ṣé ẹ rí i, kò sí nǹkan tó ń ṣe é." Irọ́ ni. Ọdẹ ló gbàgbé àtifọn fèrè fún wákàtí kan. Àmì àìsàn ọ̀hún ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ẹ̀rí pé ó ń parọ́.

Ìkẹfà, ó níbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Tẹ́ẹ bá bi í dáadáa, á rántí àìsàn, ìjàǹbá tàbí ìpayà kan.

Àwọn òòyì tí kì í ṣe ti ìdágìrì

Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fi àpilẹ̀kọ kan sọ ara ẹ̀ di dókítà. Òòyì míì wà tó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ yọ kúrò.

Tó bá jẹ́ pé bó ṣe yí lórí bẹ́ẹ̀dì tàbí tó gbójú sókè ni ilé ń yípo fíì, tó sì dá láìpé ìṣẹ́jú kan, ó lè jẹ́ àwọn òkúta wínníwínní inú etí ló kúrò nípò wọn. Oògùn kọ́ ló ń wo ìyẹn. Dókítà tàbí físíò tó mọ̀ ọ́n á yí orí ẹni náà lọ́nà kan tí John Epley, dókítà ará Amẹ́ríkà, tẹ̀ jáde ní 1992, ó sì lè san lọ́jọ́ kan náà.

Tó bá jẹ́ tó bá dìde lójijì nìkan, ẹ wo ẹ̀jẹ̀ tó kéré lára, omi tí kò mu lábẹ́ oòrùn oko, tàbí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó pọ̀ jù. Ìtọ̀ ṣúgà, oyún àti ẹ̀fọ́rí túúlu náà ń fa òòyì. Bí etí kan bá ń di, tó ń hó, tí kò sì gbọ́ràn dáadáa mọ́, dókítà etí ló ni ín. Abẹ́rẹ́ gentamicin tí àwọn kan ń gún láìsí àṣẹ dókítà náà lè ba ibi tó ń mú wa dúró nínú etí jẹ́.

Lóko, ẹ béèrè nípa oògùn kòkòrò. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fín oògùn tán, tí òòyì ń kọ́, tó ń làágùn, tí itọ́ ń dà, tó ń bì, tí ọmọ ojú rẹ̀ kéré bí orí abẹ́rẹ́, májèlé ni. Ẹ bọ́ aṣọ rẹ̀, ẹ fi omi àti ọṣẹ wẹ̀ ẹ́, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.

Ẹ̀gẹ́ náà ní ìtàn tiẹ̀. Láàárín àwọn ọdún 1960, Benjamin Ọ̀súntókun, onímọ̀ àrùn ọpọlọ àti iṣan ní Ìbàdàn, tọpa àìsàn kan tó ń mú ẹsẹ̀ kú tipiri, tí ìrìn ń ta gọ́ọ̀gọ̀, tí ojú àti etí tún ń bà jẹ́. Òun àtàwọn tó bá a ṣiṣẹ́ so ó mọ́ jíjẹ ẹ̀gẹ́ ní gbogbo ìgbà láìsí oúnjẹ aṣaralóore tó tó, torí májèlé sáyánáìdì inú ẹ̀gẹ́. Ìyẹn yàtọ̀ sí ti ìdágìrì: ẹsẹ̀ tó kú tipiri àti ojú tó ń dín kù kì í ṣe iṣẹ́ ọdẹ.

Ẹ má dúró rárá

Tí òòyì bá dé lójijì pẹ̀lú ẹnu tó wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ọ̀rọ̀ tó ń lọ́, ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ tó rọ, ojú tó ń rí nǹkan ní méjìméjì, orí tó fọ́ bí kò ṣe fọ́ rí, àyà dídùn tàbí dídákú, ẹ má ra oògùn òòyì. Ó lè jẹ́ rọpárọsẹ̀ tàbí ọkàn. Bẹ́ẹ̀ náà ni etí tó di lójijì, ìgbẹ́ tó dúdú bí ọ̀dà tàbí ẹ̀jẹ̀ tó ń ya. Ilé ìwòsàn ni, lọ́jọ́ náà gan-an.

Kí ni ìtọ́jú rẹ̀?

Ìbẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú ni àlàyé. Ẹni tó mọ ohun tó ń ṣe òun, ìdajì ẹ̀rù rẹ̀ ti lọ, ẹ̀rù náà ló sì ń bọ́ òòyì.

Ìkejì ni rírìn. Mo mọ̀ pé ohun àkọ́kọ́ tá a máa ń sọ fún wọn ni pé, "Màmá, ẹ lọ dùbúlẹ̀, ẹ má jáde." Àánú la fi ń sọ ọ́, àmọ́ ó ń pa wọ́n lára. Ọpọlọ tí kò bá rìn kò ní kọ́ pé ewu ti kọjá. Físíò tó mọ iṣẹ́ á fún wọn ní eré ìdárayá díẹ̀díẹ̀: yíyí orí, dídúró, rírìn láti ilé dé ẹnu ọ̀nà, kó tó di ọjà. Òòyì lè le díẹ̀ níbẹ̀rẹ̀. Ìyẹn kò túmọ̀ sí pé ó ń bà jẹ́. Ọ̀sẹ̀ sí oṣù ló ń gbà, kì í ṣe ọjọ́ kan.

Ìkẹta, oògùn tó ń pa òòyì lára, tí wọ́n ń lò fún ọjọ́ díẹ̀ nígbà tí òòyì gbóná, kò dáa láti máa mu fún oṣù. Ó ń mú ọpọlọ tòògbé nígbà tó yẹ kó máa kọ́ ẹ̀kọ́. Dókítà lè kọ irú oògùn míì, èyí tí wọ́n tún fi ń tọ́jú ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, nítorí ó ń mú agogo ìdágìrì rọ̀. Kì í ṣe pé ó ka aláìsàn sí wèrè. Ẹ má dá a rà ní kẹ́mísì, ẹ má sì dá a dúró lójijì.

Ìkẹrin, sísọ̀rọ̀ pẹ̀lú ẹni tó kọ́ iṣẹ́ ìtọ́jú ọkàn ń ṣèrànwọ́, pàápàá tí àyà bá ń já tàbí tí oorun kò dá. Nílé, mímí jẹ́jẹ́ ń ràn án lọ́wọ́: ẹ fà á wọlé, ẹ jẹ́ kí jíjáde rẹ̀ pẹ́ ju wíwọlé lọ.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní ìlera alábọ́ọ́dé tó sún mọ́ yín, kí wọ́n wo BP, ẹ̀jẹ̀ àti ṣúgà. Tó bá ti lé ní oṣù mẹ́ta, ẹ ní kí wọ́n kọ̀wé rán yín lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. UCH, tí wọ́n ṣí ní 1957, ní dókítà etí, físíò àti dókítà ìlera ọpọlọ lábẹ́ òrùlé kan. Ọ̀rọ̀ ìlera ọpọlọ kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ìtìjú tàbí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ mọ́ lábẹ́ òfin: ní January 2023 ni Ààrẹ Bùhárí fọwọ́ sí òfin tuntun tó rọ́pò èyí tí Nàìjíríà ti ń lò láti 1958.

Tẹ́ẹ bá pe ilé lálẹ́ òní

Kẹ́ẹ tó fi owó dríìpù mìíràn ránṣẹ́, ẹ fara balẹ̀ bi wọ́n: Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀, kí ló ṣẹlẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn? Ṣé ó ń yípo ni àbí ó ń mì? Ṣé ìdúró, ìdùbúlẹ̀ tàbí yíyí lórí bẹ́ẹ̀dì ló ń mú un wá? Báwo ló ṣe ń rí lójà? Ìgbà wo lẹ gbàgbé ẹ̀ gbẹ̀yìn? Oògùn wo lẹ̀ ń lò, tòun tàgbo?

Ẹ kọ ìdáhùn wọn sínú fóònù, kí ẹni tó máa mú wọn lọ sílé ìwòsàn kà á fún dókítà. Ìdáhùn mẹ́fà yẹn wúlò fún dókítà ju àyẹ̀wò táífọ́ọ̀dù ẹlẹ́ẹ̀karùn-ún lọ. Tí wọ́n bá sì tún sọ lórí fóònù pé, "Wọ́n ní kò sí nǹkan tó ń ṣe mí," ẹ dá wọn lóhùn pé, "Nǹkan wà o, màmá, mo gbà yín gbọ́. A ò tíì rí ẹni tó mọ orúkọ ẹ̀ ni."